Bàbá Bàtà-Kan àti Ẹ̀rọ Tó Ń Ṣiṣẹ́ Lásán

Ọjọ́ tí wọ́n pa ẹ̀rọ amúnáwá ńlá tó wà lẹ́yìn ilé ìkàwé yunifásítì náà, gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́ àfi ẹnì kan. Ọ̀gá àgbà sọ̀rọ̀, wọ́n ya fọ́tò, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti di ẹrù wọn fún ìsinmi hó yèè pé ó ti parí fún èéfín. Ọkùnrin tó ti tọ́jú ẹ̀rọ náà fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n dúró sẹ́yìn gbogbo wọn, bàtà kan lẹ́sẹ̀, ìkejì lábíyá. Bí ilẹ̀ tó dúró lé lórí ṣe ṣíwọ́ gbígbọ̀n, ó dà bíi pé wọ́n fa àga yọ lábẹ́ ìdí rẹ̀. Ó yára fọwọ́ di ògiri mú.

Bàbá Bàtà-Kan ni gbogbo ọgbà ń pè é. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, torí kò sí ọjọ́ tí wọ́n yọjú sí ilé ẹ̀rọ tí wọn kì í bá a pẹ̀lú bàtà ní ẹsẹ̀ ọ̀tún, tí ti òsì á wà lásán lórí sìmẹ́ńtì. Àwọn kan ní egbò kan ló wà níbẹ̀ tí kò jinná. Àwọn tó ń kàwé dókítà, tí wọ́n mọ̀ jù, ní ọpọlọ rẹ̀ ló ti ń gbó, pé ó máa ń wọ bàtà kan ní òwúrọ̀, á sì gbàgbé èkejì. Kò sẹ́nì kankan tó rò ó débẹ̀ pé ẹsẹ̀ yẹn ni bàbá fi ń gbọ́rọ̀.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé etí rẹ̀ ti kú tipẹ́. Kò kú lọ́jọ́ kan. Èèyàn kò lè jókòó ti ohun tó ń bú ramúramù láti àárọ̀ dé alẹ́ kí etí rẹ̀ má bá a lọ. Ohùn ẹyẹ ló kọ́kọ́ lọ, agogo ilé ìkàwé tẹ̀ lé e, ohùn obìnrin lọ, ohùn ọkùnrin ló gbẹ̀yìn. Ohun tó ṣẹ́kù fún un báyìí kò ju ìkùnsínú lọ, bí ìgbà tí ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, kò sọ fún ìyàwó rẹ̀ pàápàá. Olùtọ́jú ẹ̀rọ tí kò gbọ́ ohùn ẹ̀rọ, kí ló tún kù tó fẹ́ máa tọ́jú?

Nítorí náà ó kọ́ ọgbọ́n mìíràn. Àtẹ́lẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ló fi ń mọ̀ bí bẹ́líìtì bá dẹ̀, bí epo bá fẹ́ tán, bí irin kan bá fẹ́ ṣẹ́. Ti àwọn èèyàn, ètè wọn ló ń wò. Níbi tí ètè bá ti já a kulẹ̀, ó máa ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Orí-mímì yẹn gbè é púpọ̀. Wọ́n á ní bàbá yìí ní sùúrù o, kì í bá èèyàn jiyàn. Báwo ni yóò ṣe jiyàn, ẹni tí kò mọ ohun tí wọ́n sọ?

Irú èèyàn kan ṣoṣo ló ń sá fún láyé: ẹni tó bá dá irun sí orí ètè. Èyí tó burú jù nínú wọn ni olùtọ́jú gbọ̀ngàn ìdánwò, tí túbọ̀mu rẹ̀ pọ̀ débi pé ètè òkè àti ti ìsàlẹ̀ ti wọ inú ẹ̀ lọ. Onítúbọ̀mu ni wọ́n ń pè é. Ọkùnrin náà fẹ́ràn bàbá, ó sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ sísọ. Ọdún mẹ́tàlá ni wọ́n ti jọ ń kí ara wọn, Bàbá Bàtà-Kan kò tíì gbọ́ gbólóhùn kan pé láti ẹnu rẹ̀.

Ìlérí tí yunifásítì ṣe ló mú kí wọ́n pa ẹ̀rọ náà. Wọ́n ní kí sáà ẹ̀kọ́ yìí tó parí, àwọn yóò dín ìdá kan nínú mẹ́ta kù nínú iná tí ọgbà ń jẹ àti èéfín tó ń tú sójú ọ̀run. Wọ́n dá ọ́fíìsì sílẹ̀ fún un, wọ́n sì fi ọ̀dọ́mọbìnrin ẹnjiníà kan ṣe olórí ibẹ̀, ẹni tó máa ń rìn bíi pé ilẹ̀ gbóná. Ó to pátákó oòrùn sórí òrùlé, ó kó bátìrì jọ sí yàrá kan, ó kan mítà tuntun mọ́ ilé kọ̀ọ̀kan, ó lẹ ìwé mọ́ gbogbo ilẹ̀kùn pé kí èèyàn pa iná kó tó jáde. Ó máa ń sọ̀rọ̀ nípa kábọ́ọ̀nù bí ẹni ń sọ̀rọ̀ olè tó mọ ojú rẹ̀. Bàbá bọ̀wọ̀ fún un, torí ó máa ń la ẹnu dáadáa bó bá ń sọ̀rọ̀, àfi tó bá yíjú sí fóònù nìkan.

Ọmọbìnrin yìí ló mú ìròyìn wá fún un. Ó ní àwọn òṣìṣẹ́ ilé ẹ̀rọ yóò lọ máa ṣọ́ yàrá bátìrì. Àga wà níbẹ̀, amúlétutù wà níbẹ̀, bí nǹkan kan bá fẹ́ bàjẹ́, aago ìkìlọ̀ á dún.

"Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá ń lọ síbẹ̀ máa kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò ojú àti etí ní ilé ìwòsàn, Bàbá. Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni. Kò le rárá. Wọ́n á fi nǹkan bo etí yín, tí ẹ bá ti gbọ́ ìró kékeré kan, ẹ ó nawọ́ sókè."

Bàbá mi orí. Ọdún méjì péré ló kù kó fẹ̀yìn tì. Ẹni tó bá já àyẹ̀wò náà, ilé ló ń lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti rí ìdí jókòó mọ́. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ó máa ń dé ilé ẹ̀rọ ní kùtùkùtù, á gbálẹ̀ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀, á nu irin tó ń dán, á jáde, á tún wọlé. Ó máa ń rìn yí ọgbà ká, á kọjá lára ilé kan náà nígbà mẹ́rin kí oòrùn tó kan àtàrí. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè bẹ̀rẹ̀ sí í kí i pé ẹ kú ìrìn. Ó máa ń mi orí fún wọn.

Ìrètí kan ṣoṣo ló ní, kò sì jẹ́ ìrètí tí èèyàn ń sọ síta. Ọ̀rọ̀ náà ti dojú rú mọ́ ẹnjiníà lọ́wọ́. Ìsinmi ti kó gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ lọ, àwọn ilé ibùgbé ti ṣófo, mítà gbogbo ilé ti wálẹ̀, àfi ti gbọ̀ngàn ìdánwò. Gbọ̀ngàn tí wọ́n tì pa, tí kò sí gílóòbù kan tó ń tàn nínú rẹ̀, ń jẹ iná tó tó ti odindi ilé ibùgbé kan, tọ̀sán tòru. Ọmọbìnrin náà ti pa gbogbo bọ́tìnnì tó wà níbẹ̀. Ó tú fáànù sílẹ̀. Iná kékeré tó wà lókè ẹnu ọ̀nà nìkan ni kò pa, torí òfin ni pé ìyẹn kì í kú, kí èèyàn lè rí ọ̀nà sá bí ilé bá gbiná. Mítà kò yí padà. Bátìrì kò sì lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ di òwúrọ̀. Ìgbìmọ̀ yunifásítì ní Ọjọ́bọ̀, tó ṣáájú àyẹ̀wò etí, ni àwọn yóò jókòó. Bí wọn kò bá tíì rí ibi tí iná ń gbà lọ, wọn yóò tan ẹ̀rọ àtijọ́ padà, kó máa ṣiṣẹ́ lálaalẹ́.

Bí wọ́n bá tan ẹ̀rọ padà, àwọn olùtọ́jú ẹ̀rọ yóò wà níbi tí wọ́n wà, kò ní sí pé à ń fi nǹkan bo etí ẹnikẹ́ni. Bàbá Bàtà-Kan ń gbàdúrà kí wọ́n má rí i. Kò fi bẹ́ẹ̀ tijú.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ kejì, ìrìn rẹ̀ gbé e dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ìdánwò. Òkúta wẹ́wẹ́ kan wọ bàtà òsì rẹ̀. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó bọ́ bàtà, ó gbọn òkúta dànù, ó sì gbé ẹsẹ̀ lásán lé kọnkéré.

Nǹkan kan ń gbọ̀n nísàlẹ̀.

Ó kọ́kọ́ rò pé ọkọ̀ ló ń kọjá. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ máa ń wá ni, á sì lọ. Èyí dúró sójú kan, ó ń yí, ó ń yí, ó sì ń tiro díẹ̀, bí irin tí ọ̀pá rẹ̀ ń yí lé lórí bá ti jẹ. Bàbá bọ́ bàtà kejì, ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí i kó ṣe rí ní ọgbà yẹn. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé ògiri, ó ń tọ̀ ọ́ lọ ní ìdúró, ó ń tọ̀ ọ́ lọ ní ìkúnlẹ̀, títí ó fi dé igun kan tí ògiri rẹ̀ funfun ju ìyókù lọ díẹ̀. Ibẹ̀ ni gbígbọ̀n náà ti le jù.

Ó wá mọ ohun tó jẹ́. Kí ibẹ̀ tó di gbọ̀ngàn ìdánwò, adágún tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń lúwẹ̀ẹ́ ló wà níbẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn ni wọ́n bò ó pẹ̀lú kọnkéré, tí wọ́n to àga ìdánwò lé e. Lẹ́yìn igun funfun yìí ni yàrá ẹ̀rọ tó ń fa omi adágún náà wà nígbà kan. Ọwọ́ òun gan-an ló so wáyà ẹ̀rọ náà. Ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìlúwẹ̀ẹ́ ló wá bẹ̀ ẹ́, pé àwọn tó ń gbálẹ̀ máa ń pa bọ́tìnnì ẹ̀rọ omi, tí omi adágún á sì yí sí àwọ̀ ewé ní ọjọ́ kejì. Bàbá bá a fa wáyà kan láti ara iná òkè ẹnu ọ̀nà, ìyẹn tí kì í kú, kò sì fi bọ́tìnnì kankan sí i. Inú rẹ̀ dùn sí iṣẹ́ yẹn nígbà náà. Ó ní ẹni tó bá lè pa á kó wá pa á.

Kò sẹ́ni tó pa á lóòótọ́. Wọ́n bo adágún, wọ́n fi bíríkì dí ẹnu yàrá, wọ́n rẹ́ ẹ, wọ́n kùn ún. Ọdún mẹ́sàn-án ni ẹ̀rọ náà ti ń fa omi látinú àgbá abẹ́ ilẹ̀, tó ń dà á padà sínú àgbá kan náà. Wọ́n ń pààrọ̀ gílóòbù káàkiri ọgbà, wọ́n ń lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn, wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

Inú kọ́kọ́ bí bàbá. Irú èèyàn wo ló ń mọ ògiri bo ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́? Ṣé wọn kò lè bèèrè ni? Ibi tó ti ń bínú lọ́wọ́ ni ọ̀rọ̀ Ọjọ́bọ̀ ti sọ sí i lọ́kàn. Ọjọ́ méjì péré. Bí òun bá sáà lè pa ẹnu mọ́ fún ọjọ́ méjì. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó wọ bàtà rẹ̀, méjèèjì, ó sì kọrí sílé.

Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀. Pálọ̀ wọn ló ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tábìlì pákó ńlá kan sì wà láàárín tó ti ń gé aṣọ, tí wọ́n sì ti ń jẹun. Obìnrin náà ní ìwà kan tí ọkọ rẹ̀ kò fẹ́ràn. Kó tó sọ̀rọ̀, á kọ́kọ́ fi ìdí àlùmọ́gàjí rẹ̀ lu tábìlì lẹ́ẹ̀mejì, bí adájọ́. Bàbá ti bá a wí títí, pé, "Aránṣọ, kí ni tábìlì yìí fi ṣe ọ́?" Obìnrin náà á ní ọwọ́ òun ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó lù ú báyìí. Bàbá gbójú sókè.

"Ẹ ti rìn yí tábìlì yìí ká nígbà mẹ́tàdínlógún. Kí ló ń lé yín?"

"Kò sí nǹkan kan."

"Nǹkan tí kò sí yẹn náà ló fẹ́ bá mi ya kápẹ́ẹ̀tì yìí?"

Bàbá jókòó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò jókòó. Ó fẹ́ sọ ọ́ fún un, ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀fun, ó gbé e mì. Bó bá sọ ti ẹ̀rọ, á sọ bó ṣe mọ̀. Bó bá sì sọ bó ṣe mọ̀, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ.

Bó ti dùbúlẹ̀ tán, ìtiro ẹ̀rọ yẹn ṣì wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ibi tí ẹ̀rọ wà jìnnà sí ibùsùn rẹ̀ ní máìlì méjì, kò ṣeé ṣe kó mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ ó ń mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ náà ń jìyà. Ẹni tí kì í ṣe iṣẹ́ yìí lè rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bàbá mọ̀ pé irin tó ti jẹ tó báyẹn ń fi ara jóná ni. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń ṣiṣẹ́ tí kò ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní. Epo tí òun ń rọ sínú ẹ̀rọ amúnáwá lójoojúmọ́, tí òun ń fọwọ́ ara òun rù, apá kan nínú rẹ̀ ni òun ń dà sínú iṣẹ́ òfo yẹn. Ó dìde lẹ́ẹ̀mẹrin kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ní Ọjọ́rú, ó ti lọ fẹsẹ̀ kan ẹ̀yìn gbọ̀ngàn nígbà mẹ́ta kí ọ̀sán tó pọ́n. Ìtiro náà ti le sí i. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sí ilé ẹ̀rọ, ó ti mú ìgbálẹ̀, nígbà tí ọkùnrin kan wọlé tí kò mọ̀ rí. Ó wò ó títí. Ojú náà jọ ojú tó mọ̀, ṣùgbọ́n ètè òkè rẹ̀ mọ́ bíi ti ọmọ ìkókó.

"Bàbá, èmi ni," ni ọkùnrin náà wí. "Ìyàwó mi ló ní kí n fá a. Ó ní ìgbìmọ̀ ò ní gba onítúbọ̀mu gbọ́."

Bàbá di ìgbálẹ̀ mú gírígírí. Ó rí gbogbo ọ̀rọ̀ náà kedere, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àṣé ẹnu ọkùnrin yìí dára tó báyìí.

"Wọ́n ti fún mi ní ìwé ẹ̀sùn," ni Onítúbọ̀mu ń bá a lọ. "Wọ́n ní èmi ni mo ní kọ́kọ́rọ́, èmi ni mo ń jí iná lò. Èmi, tí mi ò ní ju ìgbálẹ̀ méjì lọ níbẹ̀. Bàbá, ẹ̀yin nìkan lẹ lè gbà mí. Ọ̀la ni wọ́n máa pè mí."

"Báwo ni mo ṣe lè gbà ọ́?"

"Ẹ rántí ìgbà tí wọ́n fẹ́ dí yàrá ẹ̀rọ omi níjọ́sí? Mo wá bá yín níbí, níbi tí ẹ dúró sí yìí gan-an. Ẹ̀rọ ń pariwo. Mo ní, 'Bàbá, ṣé ẹ ti gé wáyà ẹ̀rọ omi yẹn, kí àwọn bíríkìlà lè máa bá iṣẹ́ lọ?' Ẹ mi orí fún mi. Mo tún bi yín lẹ́ẹ̀kejì kó lè dá mi lójú. Ẹ tún mi orí. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín ò ju pé kí ẹ bá mi sọ fún wọn pé ẹ gé e lóòótọ́, kí wọ́n má bàa sọ pé mi ò bèèrè. Ṣé ẹ máa bá mi sọ ọ́, Bàbá?"

Orí bàbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sísàlẹ̀ fúnra rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe. Ó dá a dúró ní agbede méjì. Ó ń wo ètè ọkùnrin náà tó ti pa dé báyìí, tó ń dúró de èsì, ìtìjú sì mú bàbá débi pé ojú rẹ̀ ṣú. Wọ́n bèèrè. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n bèèrè. Gbogbo ìbínú tó fi bú àwọn tó mọ ògiri lánàá padà wá bá a nílé. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a, ọjọ́ náà sì lè bọ́ sí ọjọ́ tí ẹnì kan fá irun ètè rẹ̀.

"Lọ mú kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn wá," ni bàbá wí. "Kí o sì pe ẹnjiníà bí o bá ń lọ."

Ẹnjiníà dé pẹ̀lú fóònù létí. Ó bá bàbá nínú gbọ̀ngàn, ní òdìkejì igun funfun náà, bàtà kan lẹ́sẹ̀.

"Ẹ̀rọ kan ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ògiri yìí," ni bàbá sọ fún un. "Ẹ̀rọ omi adágún àtijọ́. Òun ló ń jẹ iná yín."

Ọmọbìnrin náà gbé fóònù kúrò, ó fi etí lé ògiri. Onítúbọ̀mu náà fi etí tirẹ̀ lé e. Bíríkì ibẹ̀ jẹ́ ìpele méjì, wọ́n sì rẹ́ ẹ nípọn.

"Bàbá, mi ò gbọ́ nǹkan kan o."

"Ẹ ò ní gbọ́. Ẹ bọ́ bàtà yín."

Ó wo bàbá. Ó wo bàtà tó wọ̀, èyí tó ní okùn púpọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó tú u, ó gbé ẹsẹ̀ lásán lé ilẹ̀. Ó dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ojú rẹ̀ ń sọ pé bàbá yìí kàn ń fi àkókò òun ṣòfò ni. Lẹ́yìn náà ojú náà yí padà.

Wọ́n pe àwọn tó ní òòlù. Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni ògiri náà là. Eruku ti bo ẹ̀rọ omi náà débi pé kò ní àwọ̀ mọ́, ó gbóná, ó ń mì tìtì lórí ìdí rẹ̀, omi inú àgbá sì dúdú. Bàbá wọlé ṣáájú gbogbo wọn. Ó gbé ọwọ́ lé e bí ẹni ń fọwọ́ kan ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá. Òun fúnra rẹ̀ ló gé wáyà náà. Ó rò pé ara yóò tu òun. Nígbà tí gbígbọ̀n náà gba àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ jáde lọ, tí ilẹ̀ di ilẹ̀ lásán, ó dùn ún gan-an.

Ẹnjiníà ti ń wo mítà lórí fóònù rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó fi í han Onítúbọ̀mu, ó fi í han àwọn olóòlù. Iná gbọ̀ngàn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di òfo. Ó wá yíjú sí bàbá.

"Ṣùgbọ́n báwo lẹ ṣe gbọ́ ọ, Bàbá?"

Wọ́n tó mẹ́jọ níbẹ̀. Ó lè sọ pé àgbà ló ń ṣe òun. Ó lè mi orí.

"Mi ò gbọ́ ọ," ni bàbá wí. "Mi ò gbọ́ nǹkan kan láti bí ọdún mẹ́rìnlá. Ẹsẹ̀ ni mo fi mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo so wáyà yìí láì fi bọ́tìnnì sí i. Nígbà tí wọ́n fẹ́ mọ ògiri, ọkùnrin yìí wá bi mí bóyá mo ti gé e. Mi ò mọ ohun tó ń sọ, mo kàn mi orí. Ẹ gba ìwé ẹ̀sùn yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọwọ́mẹsẹ̀."

Gbogbo wọn dákẹ́. Fún bàbá, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Onítúbọ̀mu ló kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ sọ. Ó ti fọwọ́ bo ẹnu, ó wá rántí, ó gbé ọwọ́ kúrò kí bàbá lè rí i. "Ọdún mẹ́tàlá, Bàbá. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti ń bá yín sọ?"

"Mi ò mọ ọ̀kan nínú ẹ̀."

"Títí kan ìgbà tí ìyàwó mi kó jáde, tí mo wá ń sunkún lọ́dọ̀ yín? Tí mo ní ṣé kí n lọ bẹ̀ ẹ́?"

"Kí ni mo wí?"

"Ẹ mi orí."

"Ó kúkú padà wá, àbí?"

Àwọn olóòlù rẹ́rìn-ín. Ẹnjiníà kò rẹ́rìn-ín. Ó ti fóònù bọ àpò, ó wá dúró síwájú bàbá gan-an, ó la ẹnu dáadáa. "Àyẹ̀wò ọjọ́ Ẹtì ṣì wà, Bàbá. Mi ò lè pa irọ́ fún yín. Mo máa kọ̀wé sí ìgbìmọ̀, mi ò mọ ohun tí wọ́n máa sọ." Ó tọ́ka síta. "Ilé mọ́kànlélógójì ló wà nínú ọgbà yìí. Ṣé ẹ rò pé irú èyí tún wà níbòmíràn?"

"Mi ò mọ̀," ni bàbá wí. "Àfi kí n rìn ín." Bàtà rẹ̀ kan ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó délé kó tó di àkókò oúnjẹ. Ìyàwó rẹ̀ wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Bàbá fa àga rẹ̀, ó jókòó, ó gbé apá méjèèjì lé tábìlì. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró sójú kan. Kò wo obìnrin náà.

"Aránṣọ, ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí n ti bá ọ sọ láti ọjọ́ pípẹ́. Etí mi..."

Tábìlì mì lẹ́ẹ̀mejì lábẹ́ ìgúnpá rẹ̀. Ó gbójú sókè.

"Mo mọ̀," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

"O mọ kí ni?"

"Pé ẹ ò gbọ́ràn mọ́. Àwọn ọmọ náà mọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

Obìnrin náà sún mọ́ ọn. Ó fi ẹnu àlùmọ́gàjí náà tọ́ka sí etí tábìlì, níwájú àga tí ọkọ rẹ̀ máa ń jókòó sí. Pákó ibẹ̀ ti jẹ, ihò kékeré kan ti lu síbẹ̀, ó ń dán. Ojoojúmọ́ ni bàbá ń rí ihò yẹn, ó rò pé ibi tí wọ́n ti ń gé aṣọ ni.

"Kí lẹ rò pé mo ń lu tábìlì fún?"

Bàbá ti ìka bọ ihò náà. Ó wọlé títí dé ìdí èékánná. Omi ti lé sí i lójú, ó sì jẹ́ kó lé. Ìyàwó rẹ̀ dúró tì í díẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká, ó wá padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, torí aṣọ oníbàárà kan kò gbọdọ̀ di ọ̀la. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ. Bàbá fa bàtà òsì rẹ̀ bọ́, ó gbé ẹsẹ̀ lé ilẹ̀, ó sì jókòó síbẹ̀ títí obìnrin náà fi rán aṣọ náà tán.